Ìpéǹpéjú Ọláníkẹ́

Kí oòrùn tó yọ dáadáa, Ọláníkẹ́ ti yan agbada gàrí mẹ́rin, ó sì ku mẹ́ta. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nínú àgọ́ gàrí ìyá rẹ̀ ní Atikori, ó fi àáfọ́ igbá ń tẹ gàrí mọ́ agbada, ó ń tú u ká, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Èéfín wọ ojú rẹ̀, òógùn ń kán sí i láyà, ṣùgbọ́n kò sinmi. Ẹni tó bá ń yan gàrí kì í jẹ́ kí ọwọ́ dúró. Bí ọwọ́ bá dúró fún ìṣẹ́jú kan péré, gàrí á jóná, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, láti orí wíwa ẹ̀gẹ́ títí dé orí jíjọ̀, á sì di òfò.

Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Kò mọ ìgbà tó dúró. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, etí rẹ̀ ń hó, ó sì dà bí ẹni pé ilẹ̀ ń gòkè bọ̀ wá bá a. Nígbà tí ó lajú, ọkùnrin kan tí kò rí rí ti di èjìká rẹ̀ mú kí ó má baà wó sínú iná. Ọkùnrin náà ti fi ọwọ́ kejì gba àáfọ́ igbá, ó sì ń yan gàrí lọ.

"Ta ni yín?"

"Oníbàárà ni mí. Gàrí ni mo wá rà."

"Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó ti ń dì."

"Kọ́kọ́ jókòó tì ná, kí o tó máa kọ́ mi níṣẹ́."

"Gàrí mi lẹ ń bà jẹ́."

"Gàrí tí ìwọ fẹ́ sun jóná ni mò ń gbà là."

Ọláníkẹ́ wò ó. Ọ̀dọ́kùnrin gíga ni, ó wọ ṣòkòtò kákí tí wọ́n lọ̀ kó gún, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ara ti òpó àgọ́. Bí ó ti ń yan gàrí náà kò dára rárá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ọláníkẹ́ rí èyí, inú rẹ̀ sì dùn sí i ju bí ó ti yẹ lọ.

Nígbà tí agbada náà jinná, ọkùnrin náà sọ pé kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ hàn òun.

"Kí lẹ fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ mi ṣe?"

"Wíwò ni mo fẹ́ wò ó."

Ó tẹ́ ọwọ́ fún un. Àtẹ́lẹwọ́ náà funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ọkùnrin náà kò ṣe àwàdà mọ́.

"Ṣé àyà rẹ máa ń lù kìkì tí o bá pọnmi gòkè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé o máa ń bó amọ̀ ara ògiri jẹ?"

Ọláníkẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó mọ̀ nípa amọ̀ yẹn, ìyá rẹ̀ gan-an kò mọ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni. Ó kéré. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kéré máa ń wá ohun tí kì í ṣe oúnjẹ jẹ. Adémúyìwá lorúkọ mi. Èmi ni dìsípẹ́ńsà tó ń pín oògùn ní Àgọ́-Ìwòyè. Wá rí wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó san owó gàrí, ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Ọláníkẹ́ yan agbada méjì tó kù. Ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé òun ti ń ka ọjọ́ tó kù kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé.

*

Ọdún kejì tí ìjọba ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́ ni èyí ṣẹlẹ̀, nínú oṣù kẹta. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Ọláníkẹ́. Zechariah bàbá rẹ̀, tó ń la pákó, jẹ́ àpọ́sítélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Ìyá rẹ̀ ló ni àgọ́ gàrí. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn nìkan rin ìrìn tó jìn, nítorí náà Abibat, ìyàwó Hàmídù alápatà ní ọjà Ojowo, ló bá a lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Obìnrin yìí lọ́yàyà, ó sì lẹ́nu. Ìyá Làmídì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí Làmídì lorúkọ àkọ́bí rẹ̀.

Adémúyìwá gún orí ìka Ọláníkẹ́ lábẹ́rẹ́. Ó fi bébà funfun kékeré fa ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí kan tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi pupa, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti èyí tó ṣì funfun díẹ̀ títí dé èyí tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ màlúù. Ó gbé e kúrò níbi àádọ́rin. Ó gbé e kúrò níbi ọgọ́ta. Ó gbé e kúrò níbi àádọ́ta. Níbi ogójì ni bébà náà ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ogójì nínú ọgọ́rùn-ún," ni ó wí. "Irin ló kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ."

"Irin?" ni Abibat wí. "Irin bíi ti ọ̀bẹ Hàmídù?"

"Irú rẹ̀ náà ni, Ìyá Làmídì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó gbogbo irin tó wà lára ẹ̀yin alára jọ, bóyá ni yóò tó ìṣó kan."

"Dókítà, bí mo ṣe sanra tó yìí? Ẹ fi kún un."

Kò sí àyè ẹ̀rín fún Ọláníkẹ́. Agbẹ̀bí àgbà pè é wọ yàrá inú lọ, ó sì bi í léèrè nípa nǹkan oṣù rẹ̀. Ọláníkẹ́ wolẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ó máa ń pọ̀ jù, bí ẹni pé kò ní dá. Ní báyìí, oṣù mẹ́rin kọjá tí kò rí i rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọkùnrin.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni agbẹ̀bí wí. "Èmi kì í bá ènìyàn pa irọ́. Ohun púpọ̀ ló lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, àìsí irin sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ara tí kò ní tó fún ara rẹ̀ kì í fẹ́ pe àlejò. Bí o bá sì lóyún báyìí, ọmọ inú yóò gba irin tirẹ̀ lára ìwọ tí kò ní, ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin mìíràn lè pàdánù lórí ìkúnlẹ̀ kó sì dìde yóò pa ìwọ. Kún ẹ̀jẹ̀ rẹ ná. Bí ó bá kún tí nǹkan oṣù kò wá, padà wá bá mi."

Nígbà tí ó jáde, Adémúyìwá ti to àwọn nǹkan sórí tábìlì. Oògùn aràn wà níbẹ̀, nítorí aràn kan ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé, a sì máa mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Hóró irin pupa wà níbẹ̀, mẹ́ta lójúmọ́, pẹ̀lú ọsàn. Ó ní kí ó máa jẹ ẹ̀dọ̀, kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ó fi amọ̀ sílẹ̀, kí ó sì wọ bàtà nínú àgọ́ gàrí tí omi ẹ̀gẹ́ máa ń rin ilẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ohun kan ṣẹ́kù tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gba hóró pupa yìí. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ọláníkẹ́ gbójú sókè wò ó. Ojú ọmọbìnrin náà tóbi, ó sì rẹwà, àní bí ìpéǹpéjú rẹ̀ kò tilẹ̀ ní àwọ̀. Adémúyìwá pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gba ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ́wọ́ wọn.

*

Abibat di alárenà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ó gbé bàtà rọ́bà kan dé àgọ́ gàrí, ó gbé e kalẹ̀ síwájú Ọláníkẹ́.

"Ọ̀gá kan ní Àgọ́-Ìwòyè ní kí n fún ọ. Ó ní bí kò bá bá ẹsẹ̀ rẹ mu, kí n fi ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀ rẹ wá."

"Ìyá Làmídì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Lọ́jọ́ tí Hàmídù fẹ́ fẹ́ mi, ìrù màlúù ló gbé wá. Ìwọ rí bàtà."

Bàtà náà bá a mu. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Abibat ń gbé ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fi ewé pọ́n wá, Adémúyìwá ló sì ń sanwó rẹ̀. Ibí yìí ni Zechariah ti ta kò ó. Nínú ilé rẹ̀, bí ó ti rí nínú ilé púpọ̀, olórí ilé ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ àti iwe. Wọ́n máa ń fún ọmọbìnrin ní ọrùn adìyẹ àti omi ọbẹ̀. Ó ní kí Adémúyìwá wá jíṣẹ́ ara rẹ̀.

Adémúyìwá dọ̀bálẹ̀. Zechariah kò tètè ní kí ó dìde.

"Ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ mi," ni ó wí, "ẹ̀dọ̀ màlúù ló fi ń fẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kéré, sà."

"A ti ń gbàdúrà sí i. Lọ́jọ́ Ajé yóò bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ. Irin kò bímọ rí."

"Òótọ́ ni, sà. Ọlọ́run náà ló fi irin sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ebi lé e jáde."

Zechariah kì í ṣe ọlọ́kàn líle. Ó kàn fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni. "Èmi yóò gba ààwẹ̀ náà fún un," ni ó wí níkẹyìn. "Kí ó máa jẹ ẹ̀dọ̀. Bàtà kò gbọdọ̀ wọ ilé àdúrà."

"Inú àgọ́ gàrí ló mọ, sà."

"Dìde. O ti dọ̀bálẹ̀ tó."

Báyìí ni ọ̀nà ṣe ń ṣí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, Adémúyìwá a máa gun kẹ̀kẹ́ wá, a jókòó sórí odó tí wọ́n da dé, a sì máa bá Ọláníkẹ́ jọ gàrí. Wọn kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ilé wo ni wọn yóò gbà, ta ni yóò máa se ìkọ́kọrẹ́, ta ni yóò máa pọnmi. Ṣùgbọ́n bí Ọláníkẹ́ bá dá wà, ẹ̀rù a máa bà á. Bí mi ò bá bímọ ńkọ́? Bí ó bá fẹ́ mi tán, tí ó wá rí i pé inú agbada tó lu ni òun ń da gàrí sí?

*

Nínú oṣù kẹrin, ìyá Adémúyìwá wá ṣe ìwádìí. Zipporah lorúkọ rẹ̀, Yèyé ni ọmọ rẹ̀ ń pè é. Efire létí ọ̀sà ló ti wá, níbi tó ti ń yan ẹja, èéfín ẹja kò sì kúrò lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n gbé omi fún un, kò mu. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Ó rìn lọ síwájú Ọláníkẹ́ tó kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ọmọbìnrin náà wálẹ̀, níṣojú bàbá, níṣojú ìyá, níṣojú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì méjì. Ó wò ó. Ó fà á wálẹ̀ ní ojú kejì, ó wo ìyẹn náà. Lẹ́yìn èyí ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró.

"Ó funfun," ni ó wí.

"Ìyá, ọmọ mi kì í ṣe ẹran ọjà," ni ìyá Ọláníkẹ́ wí.

"Mo mọ̀, ìyá. Ọmọ tèmi náà kì í ṣe ẹran ọjà. Sarah lorúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun báyìí nígbà tí a fà á fún ọkọ. Gbogbo wa ní ó ń tutù bí ọmọge. Lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dà kò kún abọ́ kan, abọ́ kan péré. Kí ọkọ̀ ojú omi tó dé Ẹ̀pẹ́, ó ti kú sí mi lẹ́sẹ̀, òun àti ọmọ." Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. "Mi ò sọ pé ọmọ yín kò dára. Mo ní mi ò ní fi ọwọ́ ara mi fa òmíràn tí ojú rẹ̀ funfun wọlé, kí n tún sin ín."

Adémúyìwá sọ pé, "Yèyé, oògùn rẹ̀ wà. Ó ti ń lò ó."

"Nígbà náà, n ó padà wá bí iṣu tuntun bá jáde. Bí ojú yìí bá pọ́n, n ó gbé e lọ́wọ́. Bí kò bá pọ́n, ìwọ ọmọ mi yóò gbé ìfẹ́ rẹ sílẹ̀, nítorí ìwọ nìkan ló kù fún mi."

Ọláníkẹ́ kò sunkún. Ojú ń tì í, inú ń bí i, síbẹ̀ òun gan-an rí i pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò ní ìkà nínú. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti so mọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ iṣu tuntun.

*

Nígbà tí oṣù karùn-ún fẹ́ẹ̀ parí, wọ́n tún gún orí ìka rẹ̀. Adémúyìwá gbé bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àádọ́ta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún un wò lójú fèrèsé. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Ogójì ni," ni ó wí. "Ó ṣì jẹ́ ogójì."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ti lọ. Ó bi í bóyá ó ń jẹ ẹ̀dọ̀, ó ní òun ń jẹ ẹ́. Ó bi í bóyá ó ń wọ bàtà, ó ní òun ń wọ̀ ọ́. Ó bi í bóyá ó ń lo hóró, ojú Ọláníkẹ́ sá kúrò lójú rẹ̀, ó ní, "Mo lò ó." Kò purọ́. Ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Adémúyìwá kò sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ó rò ó pé bóyá àìsàn mìíràn ni, èyí tí oògùn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun. Ọláníkẹ́ náà, ní Atikori, ń rò ó pé ó yẹ kí òun dá bàtà padà.

Abibat kò lè fara dà á mọ́. Ó lọ bá Ọláníkẹ́ létí odò níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn, ó sì jókòó tì í gbọningbọnin.

"Mo fẹ́ gbọ́ òótọ́. Ṣé o kò fẹ́ ọkùnrin náà mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ."

"Hóró náà ńkọ́?"

Ọláníkẹ́ fa aṣọ bo ojú. "Ìyá Làmídì, ó ń pa mí. Nígbà tí mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ sí ìgbẹ́, ó dúdú bí èédú. Mo fi han ìyá mi. Ìyá mi ní inú mi ti ń rà, ó ní kí n má fẹnu kàn án mọ́. Mo dì í sínú aṣọ, ó wà lábẹ́ ẹní."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún dókítà?"

"Báwo ni n ó ṣe sọ fún ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi pé ìgbẹ́ mi dúdú?"

Abibat wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, ó di ikùn mú. Ó dìde níbẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, ó sì bá Adémúyìwá níbi tó ti ń fún àwọn aboyún ní oògùn. Ó dúró lẹ́yìn wọn. Ó gbọ́ tí dìsípẹ́ńsà náà ń sọ fún obìnrin àkọ́kọ́ pé, "Ìgbẹ́ yín yóò dúdú, ẹ má bẹ̀rù, irin ni." Ó sọ ọ́ fún èkejì. Ó sọ ọ́ fún ẹ̀kẹta.

Nígbà tó kan Abibat, ó ní, "Dókítà, ìgbà wo lẹ sọ èyí fún Ọláníkẹ́?"

Adémúyìwá ka hóró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un kà.

"Ojú ń tì yín," ni Abibat wí. "Ojú ń ti òun náà. Ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa tijú, kí iṣu tuntun wá bá yín níbẹ̀."

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó wá jẹ́ kí ìtìjú gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní àwíjàre. Adémúyìwá mọ èyí, kò sì wá àwíjàre kankan. Ó ti ilẹ̀kùn dìsípẹ́ńsárì ní agogo mẹ́rin, ó gun kẹ̀kẹ́, kò sì sọ̀kalẹ̀ títí ó fi dé Atikori. Ọláníkẹ́ ń yan gàrí. Ìyá rẹ̀ ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Ọláníkẹ́, ìgbẹ́ rẹ yóò dúdú."

Ìyá náà jọ̀wọ́ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀.

"Yóò dúdú ní gbogbo ọjọ́ tí o bá ń lo hóró náà," ni ó tẹ̀síwájú, òógùn bo ojú rẹ̀. "Irin tí ara kò gbà ló ń jáde, kì í ṣe ìfun rẹ ló ń rà. Inú lè run ọ́ díẹ̀. Bí ó bá run ọ́, jẹun kí o tó lò ó. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ẹlòmíràn ni mo sọ fún. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọ nítorí pé mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Iná ń ta pàràpàrà.

"Ìgbà yẹn lẹ ti nífẹ̀ẹ́ mi?" ni Ọláníkẹ́ bèèrè.

"Láti ìgbà tí o sọ pé mò ń ba gàrí rẹ jẹ́."

"Ẹ ń bà á jẹ́ lóòótọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọwọ́ kejì kò dúró lórí agbada. "Bí a bá ti lè sọ èyí fún ara wa, kí ló tún kù tí a kò ní lè sọ?"

Ìyá rẹ̀ dìde, ó wọlé, ó sì gbé aṣọ tí wọ́n dì hóró sí jáde. Ó tú u, ó ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ó mi orí. "Gbogbo èyí ni a fi sílẹ̀ lábẹ́ ẹní," ni ó wí. "Ọmọ yìí, bu omi wá. Kí o lo ti ìrọ̀lẹ́ yìí lójú mi."

*

Láti ọjọ́ náà, ilé Zechariah di ilé tí wọ́n ti ń sáré bá oṣù. Ìyá ń ka hóró láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Abibat ń mú ẹ̀dọ̀ wá, kì í lọ títí yóò fi rí i pé Ọláníkẹ́ jẹ ẹ́ tán. Zechariah fúnra rẹ̀ ń bó ọsàn, ó ní bí wọ́n ti ń bó o nínú ilé yìí ń fi ọsàn ṣòfò. Ní àárín oṣù kẹfà, bébà náà bá àádọ́ta mu. Ní ìparí rẹ̀, ó bá ọgọ́ta mu. Ọláníkẹ́ ń gòkè odò pẹ̀lú ìkòkò omi lórí, kò sì dúró sinmi níbi tó ti máa ń dúró. Ó fi amọ̀ ògiri sílẹ̀ láìmọ ọjọ́ tó fi í sílẹ̀. Kò kàn wù ú mọ́ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, Abibat dé dìsípẹ́ńsárì, kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ apá méjèèjì.

"Dókítà, ó ti rí nǹkan oṣù rẹ̀. Lánàá. Ó ní kí n sọ fún yín gẹ́lẹ́ báyìí, ó ní ẹ̀yin méjèèjì ti fi ìtìjú sílẹ̀."

Adémúyìwá fi ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ó má baà fọ́. Lẹ́yìn náà ló jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì sá yí igi àgbálùmọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aboyún mẹ́fà ń wò ó.

*

Iṣu tuntun jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ. Zipporah kò pẹ́ ọjọ́ kan. Ó bá Ọláníkẹ́ nínú àgọ́ gàrí. Adémúyìwá na bébà sí i, ó ní, "Yèyé, àádọ́rin ti kọjá. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rin."

"Bébà kì í lóyún," ni Zipporah wí.

Ọláníkẹ́ kò dúró kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka ara rẹ̀ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. "Yèyé, ẹ wò ó."

Obìnrin náà tẹ̀ ba. Ó wo ojú ọ̀tún, ó wo ojú òsì. Ó ní kí ó yọ ahọ́n, ó wo ahọ́n. Ó di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi í sílẹ̀, ó rí i bí pupa ti ń padà sáré wọ inú rẹ̀. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ilẹ̀ tútù, pẹ̀lú ìró tó dára jù tó ní.

"Hóró yìí," ni ó bi ọmọ rẹ̀, "ṣé ó wà nígbà tí Sarah wà?"

Adémúyìwá lè purọ́ fún un. Kò purọ́. "Ó wà, Yèyé."

"A kò mọ̀."

"A kò mọ̀."

Ọláníkẹ́ jókòó tì í lórí ilẹ̀. Nígbà tó yá, Zipporah fi etí ìró nu imú, ó sì dìde.

"Obìnrin mẹ́ta wà ní Efire tí ojú wọn funfun bí ikùn ẹja. Ọ̀kan nínú wọn lóyún. Ọkọ̀ wa tó bá tún ń bọ̀ yóò gbé wọn wá bá agbẹ̀bí yín." Ó yíjú sí Ọláníkẹ́. "Ohun tí ọmọ mi kò lè sọ fún ọ, èmi yóò sọ ọ́ fún wọn létí omi, kí gbogbo ìlú gbọ́. Mi ò ní ìtìjú kankan."

"A ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, Yèyé," ni Ọláníkẹ́ wí. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ẹ̀rín sì ya ẹnu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

*

Oṣù kẹwàá ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ kí àwọn ará Efire kí tọkọtaya tó máa gbé Àgọ́-Ìwòyè. Mọ́tò yóò gbéra ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní agogo márùn-ún, Ọláníkẹ́ ti wà nínú àgọ́.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ìyàwó kì í yan gàrí."

"Ẹ̀gẹ́ náà ti gbẹ tán, mà. Bí a bá fi í sílẹ̀ di ọ̀la, yóò kan jù."

Agbada méje ni. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u ká, ó tẹ̀ ẹ́. Ní agbada karùn-ún, Zipporah wọlé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì ń ti igi sínú iná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Wọ́n ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí agbada keje fi jinná.

"Mi ò ní fi ojú wá ikùn rẹ kiri," ni Zipporah wí níkẹyìn. "Máa lo hóró rẹ. Jẹ́ kí ara rẹ sinmi. Àsìkò tó bá dé ni ó dé."

"Mo gbọ́, Yèyé."

"Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ obìnrin..."

"Sarah ni," ni Ọláníkẹ́ wí.

Obìnrin náà yíjú sí ibi tí iná wà, ó sì ń ṣẹ́ igi tí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́.

Ní ìta, Adémúyìwá ń fọn fèrè mọ́tò, Abibat ń sọ fún un pé kí ó fi fèrè onífèrè sílẹ̀. Ọláníkẹ́ jọ gàrí ìkẹyìn. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó gbá èyí tó dà sílẹ̀, ó dà á fún adìyẹ. Ó fi omi pa iná. Ó nu agbada, ó da á dé, ó fi àáfọ́ igbá lé e lórí. Ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó gbé àpò gàrí ka orí, ó sì gun òkè lọ sí ibi tí mọ́tò wà, kò dúró sinmi.